Olówó Ajá

Aago márùn-ún ààbọ̀, ojú kò tíì mọ́ ní Valparaíso,
mo ti ń fi ẹsẹ̀ kan wá bàtà kejì nínú òkùnkùn.
Poroto ti wọ́ ọ lọ sábẹ́ ibùsùn,
ó ti jẹ okùn rẹ̀ dé ìdajì, ó ń wò mí
bí ẹni pé èmi ni mo jẹ̀bi.

Poroto: bí wọ́n ṣe ń pe ẹ̀wà níbí nìyẹn.
Ẹ̀wà ni o, kì í ṣe ẹwà.
Etí kan dúró, èkejì wó,
ikùn rẹ̀ rí roboto, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì mọ ibi tí wọ́n ń lọ.
Inú páálí ọṣẹ ni mo ti rí i lẹ́nu géètì èbúté,
òjò ń rọ̀, mo sì ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́.
Mo ní alẹ́ kan péré ni.
Ó di ọ̀sẹ̀ kẹfà lónìí.

Wákàtí méjìlá ni mo ń lò lókè kireeni,
nínú yàrá gíláàsì tí kò fẹ̀ ju kọ́bọ́ọ̀dù lọ,
mo ń ṣa kọ̀ntéénà bí ẹni ń ṣa ìrẹsì,
pupa síhìn-ín, funfun sọ́hùn-ún.
Láti ibẹ̀ mo ń rí gbogbo òkè, ilé gun ilé lórí,
mo ń rí páànù tèmi tó ti dípẹtà,
mo ń rí ilẹ̀kùn aláwọ̀ aró tí mo fọwọ́ ara mi kùn.
Mo lè ka orúkọ ọkọ̀ tó sọ ìdákọ̀ró sílẹ̀ lójú agbami.
Ohun tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn,
ojú mi ò ká a.

Ìyá Griselda ìsàlẹ̀ fi ìwé há ẹnu ọ̀nà:
"Ọmọ ajá rẹ ń sunkún láti aago mẹ́jọ títí dọ̀sán.
Èmi náà ti tọ́mọ rí. Mi ò bínú.
Ṣùgbọ́n ó ń sunkún."
Mo ka ìlà tó gbẹ̀yìn lẹ́ẹ̀mẹta.
Olówó ni wọ́n ń pe ẹni tó ni ajá.
Owó dà?
Wákàtí tí mo lè fi jókòó tì í ni mo ń tà,
kí n lè rówó ra oúnjẹ fún un.

Mo gbé kọ́kọ́rọ́ fún bàbá Nolberto, ilé kejì sí tèmi,
ẹni tó fi ogójì ọdún ṣiṣẹ́ nídìí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ òkun,
tí ẹ́ńjìnnì sì gba etí méjèèjì lọ́wọ́ rẹ̀.
Bí mo bá dé lálẹ́, màá kọ ọ́ sára pátákó:
Ṣé ó sunkún?
Á mi orí. "Rárá o. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni. Kò tilẹ̀ fọhùn."
Mo bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì korò lẹ́nu mi:
adití ni mo fi ṣe ẹlẹ́rìí ẹkún.

Lánàá, ìjì dé láti gúúsù, wọ́n ti èbúté pa lọ́sàn-án.
Mo gun àtẹ̀gùn igba ó lé méjìlá, n ò sinmi.
Bàbá jókòó sórí àpótí, ẹ̀yìn rẹ̀ ni ó kọ sí mi,
àgbọ̀n Poroto wà lórí orúnkún rẹ̀,
ọwọ́ rẹ̀ ńlá wà lọ́fun ajá.
Pátákó ilẹ̀ gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, ó mọ̀ pé mo dé.
"Ó ti ń dákẹ́," ló wí, kò bojú wẹ̀yìn.
"Eékún ni mo fi ń gbọ́ ẹkún.
Bí ẹ́ńjìnnì tó tutù ni: o kàn máa gbọ́wọ́ lé e."

Poroto wò mí, ó wo bàbá,
bí ẹni ń ka èèyàn bóyá wọ́n pé.
Ó wá sọ̀ kalẹ̀ wúyẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa okùn bàtà mi,
èyí tó kù.